Mílímítà Kan Lójúmọ́

Ìtàjí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà 2025

Ìrètí, ọmọ yunifásítì tó ń yẹ ọwọ́ mi wò, dé ní agogo mẹ́wàá, ó tutù láti orí dé ẹsẹ̀. Òjò ká a mọ́ orí ọ̀kadà láàárín Ọ̀yẹ́ àti ibí. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè Faith ọmọ mi ní Adó, kó tó wá mú òwú ọ̀rá rẹ̀ jáde. Òwú náà wà lẹ́nu igi kékeré kan, kò nípọn ju irun orí lọ. Ó ní kí n di ojú, kí n sì na ọwọ́ òsì kí òun fi òwú náà kan ìka mi.

"Mà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

N kò mọ nǹkan kan lára. Mo la ojú díẹ̀, mo rí ojú ọmọ náà bó ṣe ń wò mí, bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Ó ti ń dára."

Inú rẹ̀ dùn, ó sàmì sí fọ́ọ̀mù.

Fọ́ọ̀mù jẹ́ ti ilé-ìwòsàn, ìwé yìí jẹ́ tèmi, nítorí náà kí n kọ òótọ́ síbí. Láti ìgbà tí gíláàsì fèrèsé ti gé iṣan ìmọ̀lára ní apá òsì mi ní oṣù kìíní, tí Dókítà Ọbáfẹ́mi sì rán an pọ̀ fún mi ní Ìdó, wọ́n ní iṣan náà yóò máa hù lọ sí ìka ní mílímítà kan lójúmọ́. Ibi tó bá dé, tí a bá fi ìka gbá a, á máa ta ṣìnnìnnìn. Télọ̀ ni mí, mo ní tépù. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí: ínṣì méjì sí ojú àpá, ní ìṣẹ́po ọrùn ọwọ́ gan-an. Ibẹ̀ náà ló wà ní oṣù kẹrin.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà

Òòrùn ràn dáadáa. Mo ń lọ kọ́là ẹ̀wù kan, mo gbọ́ òórùn. Mo rò pé àwọn ará ilé kejì ń yan ẹran. Ìka àárín mi ni, ó wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, kò sì sọ fún mi.

Ọkọ mi fi oyin pa á. Ó ní, "Màmá Faith, sọ èyí fún àwọn dókítà o." Mo ní màá sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà

N kò sọ. Ìrètí béèrè bóyá ìnira kankan wà, mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ó kọ "kò sí." Mo fi aṣọ bo ìka tó jó.

Báwo ni n óo ṣe sọ ọ́? Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ abẹ náà. Ọmọ yìí ń ti Ìlógbò wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ìwé tó fẹ́ fi gboyè ló ń kọ lórí àwa tí wọ́n rán iṣan fún. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Tí mo bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, kí ni wọ́n máa pè mí?

Mo di iṣu mẹ́ta fún un lọ sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Àtàǹpàkò mi kò lè mú abẹ́rẹ́ mọ́, ọkọ mi ló wá ń bá mi rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Ọ̀gá ilé-ìwé ni fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nítorí náà ó máa ń fi rúlà wọn àlàfo ààrin bọ́tìnnì kan sí èkejì. Síbẹ̀ ẹ̀wù katikíìsì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Katikíìsì wọ̀ ọ́, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní Ọlọ́run ń wo ọkàn. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Òjò látàárọ̀. Sípù ti tún wọ́n sí i. Iṣan kò kúrò lójú kan.

Ìdó, Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹfà

Mo ń kọ èyí lórí bẹ́ǹṣì níta, ọkọ̀ Ọ̀yẹ́ kò tíì kún.

Wọ́n pe gbogbo àwa méjìdínlógún tí wọ́n rán iṣan fún jọ sínú yàrá kan. Dókítà Ọbáfẹ́mi dúró níwájú wa pẹ̀lú fọ́ọ̀mù Ìrètí lọ́wọ́. Wọ́n ní bí iṣan bá dúró lójú kan fún oṣù mẹ́ta, ó ti há nìyẹn, wọ́n á tún ibẹ̀ là, wọ́n á tú u sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tètè mọ̀. Bó bá pẹ́ jù, ẹran ìdí àtàǹpàkò á gbẹ. Bó bá sì ti gbẹ, a kò lè mú un padà."

Wọ́n dárúkọ àwọn mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ tún là. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Wọ́n wá na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ wo Màmá Fúnmilọ́lá láti Ìtàjí. Iṣan tiwọn ti dé ìka. Nínú gbogbo yín, tiwọn ló yá jù."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dìde, mo yíkàá díẹ̀, mo dúpẹ́. Bí mo ṣe jókòó padà ni mo yọ́ wo ìdí àtàǹpàkò òsì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀tún. Ti òsì ti ń gbẹ. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò gbọ́ àdúrà ìparí.

Bàbá Sùmáyà ló wá jókòó tì mí níta. Kàmálù lorúkọ wọn, káfíńtà ni wọ́n ní Ayébọ̀dé, ayùn ló gé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Ẹ kú oríire, Màmá Faith. Tèmi kò lọ síbì kankan."

Mo ní, "Wọn kò kúkú dárúkọ yín."

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dá a? Ọmọ yìí á ti Ìlógbò wá nínú òjò, á kúnlẹ̀ kí mi ní ulé mi, á ní, 'Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára ní ùka yìí?' Kí n wá ní rárá? Kí n fi ba uṣẹ́ ọmọlọ́mọ jẹ́?"

Ẹ̀rín gbé mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, Bàbá Sùmáyà ń wò mí bóyá orí mi pé. Mo wá sọ tèmi fún wọn. Àwọn náà bú sẹ́rìn-ín. 

Ọkọ̀ ti kún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹfà

Mo jẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Ó gbé jígí ojú rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ìbáwí ń bọ̀.

"Ìwọ tó máa ń sọ fún oníbàárà lójú pé ìdí rẹ̀ ti tóbi ju aṣọ tó mú wá lọ. Ìwọ ni ojú ọmọdé kan ń tì?"

Mo ní, "Aṣọ nìyẹn. Oore lèyí."

"Kí la fẹ́ fi oore tí kò jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́ ṣe? Tí àtàǹpàkò yẹn bá gbẹ, Fúnmi, kò sí maṣíìnì mọ́. Ṣé o rí mi? Èmi ni màá máa rán bọ́tìnnì títí Jésù fi dé."

Ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹfà

Ìwàásù dá lórí òtítọ́. Àbí ọkọ mi ti lọ bá wọn sọ ọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje

Mo ti sọ ọ́.

Mo jẹ́ kó jókòó, mo jẹ́ kó mu omi. Nígbà tó mú òwú jáde, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ìrètí, n kò mọ nǹkan kan lára. N kò mọ̀ ọ́n rí láti oṣù kẹrin. Irọ́ ni mo ń pa fún ọ."

Ó ń wo àwọn fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òjò ń rọ̀ sórí páànù.

"Gbogbo rẹ̀ ni, Mà?"

"Ti apá, títí dé ọrùn ọwọ́, òótọ́ ni. Láti ibẹ̀ lọ, ìwọ ni mò ń kẹ́."

Mo ṣí ìwé yìí, mo fi àwọn ibi tí mo ti fi tépù wọ̀n ọ́n hàn án. (Mo fọwọ́ bo ibi tí mo ti dárúkọ rẹ̀.) Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún àwọn ọ̀gá òun ní yunifásítì pé iṣan àwọn ará ìhín ń hù ju bí ìwé ti wí lọ. Mo ní kó má sunkún. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi.

"Bí mo ṣe ń bi yín ni kò dáa, Mà. Bí ẹni tó ń tọrọ ni mo ń ṣe. Ta ló máa rí ọmọ tó ń tọrọ, tí kò ní fún un?"

Mo rò ó títí. Ọmọ náà gbọ́n ju èmi tí mo lè bí ìyá rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Èmi, Ìrètí àti Bàbá Sùmáyà lọ bá Dókítà Ọbáfẹ́mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Dókítà gbọ́ ọ tán, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

"Ìyá mi ni mo rántí. Wọ́n ń fa omi sí wọn lára nínú wọ́ọ̀dù, wọn kò lè dìde. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ara wọn, wọ́n á ní ara le bí òkúta."

Ẹ̀rín tán lójú wọn nígbà tí wọ́n di ọwọ́ mi mú tí wọ́n tẹ ìdí àtàǹpàkò. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ là á nínú oṣù yìí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ẹnikẹ́ni, wọ́n fẹ́ tún gbogbo àwa méjìdínlógún wò, wọ́n sì fẹ́ òótọ́. Báwo ni wọ́n á ṣe rí òótọ́ gbà lẹ́nu àwọn tó lójú àánú tó báyìí?

Mo ní, "Ẹ má jẹ́ ká rí ojú rẹ̀." Ṣebí ojú Ìrètí ló ń mú wa purọ́. Kí wọ́n ta aṣọ sáàárín, kí ó wà lápá kan, kí á wà lápá kejì, kí apá nìkan kọjá. Kó má sì bi wá ṣé a mọ̀ ọ́n. Kó ní, "Níbo?" Nígbà mìíràn, kó má fi nǹkan kan kàn wá rárá, kó ṣì béèrè.

Bàbá Sùmáyà ní, "Uyẹn dára. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ kí ara wa tán ná."

Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Mo mú tépù jáde, mo wọn tábìlì wọn níbẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Keje

Mo fi kákí tó ṣẹ́ kù nínú yunifọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá rán aṣọ ìkélé náà. Ihò apá méjì ló wà níbẹ̀, mo fi rọ́bà sí ẹnu wọn kí ẹnì kan má baà yọjú. Ọwọ́ ọ̀tún àti ìgùnpá òsì ni mo fi rán an, ó gbà mí lọ́jọ́ méjì. Ọ̀gá ilé-ìwé ló rán bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a fi so ó kọ́. Wọ́n tọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mo yìn ín.

Ìdó, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

Kí n tó gbàgbé bí Bàbá Sùmáyà ṣe ṣe. Wọ́n jókòó, wọ́n ti apá bọ ihò, Ìrètí sì wà lódì kejì. Wọ́n ti kí ara wọn tán látijọ́. Aṣọ ìkélé dákẹ́. Bàbá Sùmáyà wò ó, ara wọn kò gbà á, wọ́n ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o." Ìkélé ní, "Ẹ ṣé, sà. Níbo?" Bàbá ní, "Kò tíì sí nǹkan kan, ọmọ mi, má bínú." Àwa tó wà lórí bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Nígbà tó kàn mí, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Níbo?" Kò sí. "Níbo?" Kò sí. Mo ń sọ "kò sí" bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbà ogún ló béèrè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo mọ̀ ọ́n, ní ọrùn ọwọ́.

Nínú àwa méjìdínlógún, mọ́kànlá ni iṣan wọn kò dé ibi tí fọ́ọ̀mù wí. Orúkọ mẹ́rin ti di méje. Èmi ni àkọ́kọ́.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Ọ̀la ni. Ìdó ni a wà. Ẹ̀rù ń bà mí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n má baà ní a dúpẹ́. Dókítà kò ṣèlérí. Wọ́n ní tí iṣan bá ti kú síbi tó há sí, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún mi mọ́. Ọkọ mi ń ka Sáàmù pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń ka orúkọ ọmọ ilé-ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Keje

Iṣan kò kú. Ó há ní ọrùn ọwọ́ bí òwú ṣe ń há nínú bọ́bìn, Dókítà tú u sílẹ̀, wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ ṣì dára. Ọwọ́ ń dùn mí gan-an. Nọ́ọ̀sì béèrè bí ara ṣe rí, mo ní ó ń dùn mí gan-an. Ó fún mi lóògùn. Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Keje

Wọ́n yọ òwú. Àpá tẹ́ẹ́rẹ́, ó tọ́. Mo wo bí wọ́n ṣe rán an, n kò rí àṣìṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ

Ó RÌN. Mo gbá a, ó ta ṣìnnìnnìn ní àtẹ́lẹwọ́, ínṣì kan kọjá ìṣẹ́po. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kí ọkọ mi náà wọ̀n ọ́n, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó bá tépù mu. Mo jó yí maṣíìnì ká lẹ́ẹ̀kan, òun jókòó, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Iṣu tuntun ti ń wọ ọjà Ayébọ̀dé, ó ti dínwó díẹ̀. Bàbá Sùmáyà fi méjì ránṣẹ́. Wọ́n tú tiwọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹjọ

Ọkọ mi ń kó nǹkan sínú àpò, mo ń di ojú, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ òsì mọ̀ wọ́n, bí Ìrètí ṣe kọ́ wa. Ìrẹsì, mo ní iyanrìn. Ẹ̀wà, mo ní bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì, mo ní bọ́tìnnì! Ó fún mi ní máàkì kan nínú mẹ́wàá, ó ní kí n tún ìdánwò ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé-ìwé ń wọlé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Gbogbo ìyá ní Ìtàjí ló rántí yunifọ́ọ̀mù lónìí. Mo rán mẹ́fà. Ọwọ́ òsì tẹ aṣọ fún mi títí dé ìparí ojú ìrán, kò sì yẹ̀. Mo ṣì ní láti máa wò ó kí abẹ́rẹ́ má gún un, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ti ní ẹran díẹ̀ sí i. Inú mi dùn, n kò ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdó, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Ìdánwò ìkẹyìn nìyí kí Ìrètí tó kó ìwé rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ó ti rù. Ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé àwọn ọ̀gá òun ní tí òun kò bá rí ẹnì kan tí wọ́n tú iṣan rẹ̀ sílẹ̀ tó sì rìn ní tòótọ́, wọn kò mọ ohun tí òun fẹ́ kọ. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Mà, ẹ gbàgbé pé mo sọ ọ́."

Mo ní mo ti gbàgbé. N kò gbàgbé.

A kí ara wa dáadáa. Mo jókòó, mo ti apá bọ ihò kákí. Dókítà Ọbáfẹ́mi dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú bírò.

"Níbo?"

"Àárín àtẹ́lẹwọ́."

"Níbo?"

"Kò sí."

"Níbo?"

"Ìdí àtàǹpàkò."

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. N kò mọ ohun tí bírò ń kọ. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́, ó tún béèrè. Mo mọ̀ pé orí ìka ló wà, torí kò sí ibòmíràn tó kù. Ì bá rọrùn kí n dárúkọ ìka kan. Mo fẹ́ fún un, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, mo fẹ́ fún un gan-an. Mo ní, "Kò sí. Kò tíì dé orí ìka, ọmọ mi."

Àga rẹ̀ dún lódì kejì.

"Níbo, Mà?"

"Ìdí ìka ìfábẹ̀lá."

Mo gbọ́ tí Dókítà mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n ní, "Ogún nínú ogún. Wọn kò ṣi ẹyọ kan." Wọ́n ní ìdí ìka sí ìṣẹ́po ọrùn ọwọ́, ínṣì mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀.

Mo fẹ́ fa apá mi yọ. Nǹkan kan sì kàn mí. Ìrètí kò béèrè "níbo," òwú rẹ̀ sì ti wà lórí tábìlì, mo gbọ́ nígbà tó gbé e sílẹ̀.

Mo ní, "Àtẹ́lẹwọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìka ìfábẹ̀lá. Omi ni. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Dókítà ká ìkélé. Ìrètí ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ kíákíá, ó ní òógùn ni, ooru pọ̀ nínú yàrá yẹn.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, òógùn ni.